Sẹ́ẹ̀lì Ta Ló Wà Nínú Ìgò Yẹn?

Ọ̀rọ̀ ìlera ti ọ̀sẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà lọ́wọ́, kó fi pamọ́ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́, kí ọmọ ilé kà á fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí kókó kan tó wà ní ọmú rẹ̀. Nígbà tó lọ rí dókítà kẹ́yìn, wọ́n fún un ní ìwé méjì pé kó fọwọ́ sí. Èkíní jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, ìyẹn kò ní wàhálà. Èkejì ń béèrè bóyá ó gbà kí wọ́n fi èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ẹran tí wọ́n bá gé ṣe ìwádìí. Ó ya fọ́tò ìwé náà sórí ojú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà rántí ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fi ṣoògùn owó ni. Àwọn kan ní òyìnbó ló fẹ́ lọ tà á. Ẹnì kan ní kó yáa fọwọ́ sí i kí inú má baà bí dókítà. Mo ṣiṣẹ́ ní láàbù títí mo fi fẹ̀yìntì, ó sì dùn mí pé gbogbo ohùn tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó bi ìyá wa léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn, torí pé ìtàn náà kò jìnnà sí wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Bí ilé ṣe jẹ́ búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni ara wa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì lórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n kàn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Bí wọ́n bá yọ díẹ̀ lára ènìyàn tàbí ẹranko, tí wọ́n fi í sínú ìgò pẹ̀lú omi tó ní oúnjẹ, tí wọ́n sì mú kí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara, ó lè wà láàyè fún ìgbà díẹ̀. Yóò máa pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, ṣùgbọ́n tó bá ṣe díẹ̀ yóò kú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà tí kì í dáwọ́ pípín dúró. Ẹni tó yọ ọ́ lè kú, ẹni tó fi í sínú ìgò lè kú, òun á ṣì máa bí sí i. Ìran sẹ́ẹ̀lì ni n ó máa pe irú èyí. Olùwádìí kò lè máa gé ara ènìyàn lójoojúmọ́, nítorí náà ìran sẹ́ẹ̀lì ló máa lọ yàn, bí ẹ ṣe ń yan èlùbọ́ nínú ọjà. Bó bá ṣe yàn án ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Yábàá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yìngbò, kò pẹ́ tí ẹ ó fi dé ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, NIMR, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ nígbà Kòrónà. Kó tó di pé ilé yẹn ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ni ìwádìí ti ń lọ ní Yábàá. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán àwọn dókítà wá láti wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, Yábàá ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá wọn, ìṣòro yíyàn ni. Inú ara ẹranko wo ni wọn yóò ti rí àìsàn náà? Àwọn ẹran kéékèèké tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò fi í hàn. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa lè gbà á sára kó má sì ṣàìsàn. Ìgbà tí wọ́n wá lo irú ọ̀bọ kan tó ti Íńdíà wá ni ojú wọn là.

Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí. Asibi lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 28. Ibà náà mú un díẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún ọ̀bọ kan lábẹ́rẹ́, ọ̀bọ náà sì kú. Bí wọ́n ṣe rí fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú nìyẹn. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà ọ̀hún, ó sì kú ní Èkó ní ọdún yẹn kan náà, lẹ́ni ogójì ọdún. Ẹ̀jẹ̀ Asibi kò parí síbẹ̀. Wọ́n gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí New York, níbi tí Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbìn ín sínú sẹ́ẹ̀lì: wọ́n kọ́kọ́ lo ti ọmọ inú èkúté, wọ́n wá lo ti ọmọ inú ẹyin adìyẹ, nígbà tó yá wọ́n tún yọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kúrò lára ọmọ adìyẹ náà kí wọ́n tó lò ó. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ibùgbé rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà gbàgbé ìwà ìkà rẹ̀. Ní 1937 wọ́n sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ àjẹsára, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gba yẹ́lò káàdì láti lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, tàbí kí ẹ lọ bá ọmọ yín tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí wọ́n gún sí yín lápá ti ara Asibi wá. Yábàá fúnra rẹ̀ ṣe àjẹsára náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá a dúró ní 1991. Èyí ṣì ń bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ìran sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àkọ́kọ́ tí kò dáwọ́ pípín dúró, ara obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló ti wá. Henrietta Lacks ni, ọmọ ọdún 31, ìyá ọmọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1951. Wọ́n gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ náà, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí láàbù. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kú ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí wọ́n sọ ní HeLa, ń di ìlọ́po méjì ní bí wákàtí mẹ́rìnlélógún. Òun ni wọ́n fi dán àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní 2023 ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń tà á, Thermo Fisher, tó bá ẹbí náà parí ẹjọ́.

N kò lè fi ọ̀rọ̀ Henrietta sílẹ̀ láìfi èyí kún un. Nígbà tí Harald zur Hausen ní Jámánì ń wá ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ó rí fáírọ́ọ̀sì HPV nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ló bí abẹ́rẹ́ HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ìyá àgbà tó bá ní ọmọ-ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn tí kò tíì gbà á, kó mú un lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ní tòsí.

Ìbàdàn ló kàn. Ní ọdún 1957, ọdún tí wọ́n ṣí UCH, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ kan ní Kampala ní Uganda, rí i pé àwọn ọmọdé ń ní kókó ńlá lẹ́rẹ̀kẹ́, kókó tó ń dàgbà kíákíá tó sì ń pa wọ́n. Jẹjẹrẹ ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Kì í ṣe ní Uganda nìkan. Ibi tí ibà ẹ̀fọn bá ti pọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. (Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń wú, tí eyín rẹ̀ sì ń mì láìtọ́jọ́, ẹ má kàn pè é ní eyín dídùn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oògùn máa ń ṣiṣẹ́ gan-an sí àrùn yìí tí wọ́n bá tètè dé.)

Ní 1963, R. J. V. Pulvertaft, onímọ̀ nípa ẹran ara tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó gba díẹ̀ lára kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan, ó fi í sínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Òun ló di àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé nínú ìran sẹ́ẹ̀lì tó ti ìdílé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wá tí kò dáwọ́ pípín dúró. Raji ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Òmíràn tí Pulvertaft rí lọ́dún yẹn, láti ara ọmọ ọlọ́dún méje, Jijoye ni wọ́n pè é. Ẹ ka orúkọ méjèèjì sókè. Kò sí àlàyé kankan tí mo lè ṣe fún yín tó ju kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ wọn.

Láti Japan dé Brazil, kò sí onímọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ Raji. Oògùn òde òní kan wà tó ń rán àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti lọ bá jẹjẹrẹ jà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ogun náà lè pa ọ̀tá, sẹ́ẹ̀lì Raji ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n ń ta ìgò kan. Mo ti di ìgò Raji mú lọ́wọ́ nígbà kan rí, kò tó ìka ọwọ́ mi. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó ni í kò ju ọjọ́ orí, ọkùnrin, aláwọ̀ dúdú, Nàìjíríà. Ìyá ọmọ yẹn ni mò ń rò. Jẹjẹrẹ wà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ta ni yóò jókòó ṣàlàyé ìgò fún un ní 1963?

Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé irú kókó yìí láti Kampala lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìkùukùu kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà balẹ̀, ó di Manchester. Nígbà tí ẹran náà fi dé ọwọ́ Anthony Epstein, omi inú rẹ̀ ti dọ̀tí bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Kò dà á nù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ń léfòó nínú omi náà, ara wọn ni òun, Yvonne Barr àti Bert Achong sì ti rí fáírọ́ọ̀sì tuntun kan ní 1964. Epstein-Barr ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi fáírọ́ọ̀sì yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.

Báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì ní Ọ̀yìngbò mọ ohun kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ lákòókò yẹn: ohun tí wọ́n kọ sára àpò lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1966, Stanley Gartler ní Amẹ́ríkà yẹ ìran sẹ́ẹ̀lì 18 wò, tí wọ́n ní ara ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Èròjà G6PD ló fi dán wọn wò. Ẹ mọ orúkọ náà: ọmọ tí kò bá ní in tó ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀. Oríṣiríṣi ló ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní A, ara àwọn tó ní ìran Áfíríkà ni a ti sábà ń rí i. Gbogbo àwọn 18 náà ló ní A, bẹ́ẹ̀ òyìnbó ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ ìgò. Henrietta ni gbogbo wọn! Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yọ́ wọ inú ìgò àwọn ẹlòmíràn, ó ti gba oúnjẹ mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì ti jókòó sí àyè wọn. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun láìmọ̀ pé ọrùn ilé-ọmọ ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyí tí olùwádìí tó mọṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ dán ìgò wò kó tó lò ó, kó sì tún máa dán an wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ẹ ó sọ pé kí ló kàn wá nínú irú ìgò tí dókítà yàn. Ọ̀rọ̀ ọmú ìyá wa yìí ló kàn. Ìran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n lò jù láyé ni MCF-7, tó ti ara obìnrin òyìnbó kan wá ní 1970 ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 69 ni, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà. Jẹjẹrẹ tirẹ̀ jẹ́ irú èyí tí omi ara obìnrin ń bọ́. Bí a bá dínà oúnjẹ yẹn, jẹjẹrẹ á rọ. Wọ́n ti kọ́ ohun púpọ̀ lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin wa sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí kì í jẹ oúnjẹ yẹn rárá, tí àwọn oògùn náà kò sì ràn. Láàrin àwọn obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èyí wọ́pọ̀ ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàrin àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń mú wọn ní kékeré. Ìran sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wà fún irú èyí, díẹ̀ nínú wọn sì ti ara obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n ti òyìnbó ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ. Àwọn bàbá wa ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Láàbù náà kò mọ̀. Iṣẹ́ á máa lọ, ìwé á máa jáde, oògùn á sì máa bá ara ẹni tó wà níbẹ̀ mu. (Ẹni tó bá fọwọ́ kan kókó ní ọmú, bó dùn ún bí kò dùn ún, kó má dúró de agbo tàbí ìsọjí. Ọ̀sẹ̀ tó bá rí i ni kó lọ.)

Ẹ wá gbọ́ ti Ìbàdàn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti wo bí ohun àjogúnbá inú ara ṣe yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ́kọ́ wá bá àwọn ará àdúgbò ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Charles Rotimi, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà, ẹbí ọgbọ̀n, ni wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ ju iye tí wọ́n nílò lọ, kí ẹni tó fún wọn pàápàá má baà mọ̀ bóyá tòun ni wọ́n lò. Wọ́n tún fi lélẹ̀ pé kí àwọn olùwádìí má ṣe pe ìgò wọ̀nyẹn ní "ará Áfíríkà". "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà" ni kí wọ́n máa kọ.

Báwo ni wọ́n ṣe sọ ẹ̀jẹ̀ náà di ìran tí kì í kú? Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ni wọ́n fi sí i, èyí tí wọ́n rí lára kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Uganda. Camden ní New Jersey ni àwọn ìgò náà wà báyìí, ní ilé-iṣẹ́ Coriell, ibẹ̀ sì ni àwọn olùwádìí gbogbo ayé ti ń béèrè fún wọn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ka ohun àjogúnbá ènìyàn, Yorùbá wà nínú ohun tí wọ́n kà.

Nítorí náà, ìyá wa, ìdáhùn mi nìyí. Fífọwọ́ sí ìwé kejì kì í ṣe ọ̀ranyàn. Òfin ìlera ti 2014 ní wọn kò gbọdọ̀ lo ara ẹnikẹ́ni fún ìwádìí láìjẹ́ pé ó gbà, kó sì wà lákọsílẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi dí ìtọ́jú yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbà lónìí, ẹ lè yí ọkàn yín padà. Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, nọ́ńbà rẹ̀ yẹ kó wà lórí ìwé. Ẹ béèrè bóyá yóò kúrò ní Nàìjíríà. Bí yóò bá kúrò, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàrin àwọn tó ń fi ránṣẹ́ àti àwọn tó ń gbà á. Kí wọ́n sì sọ fún yín bóyá wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ìran tí kì í kú, torí ìyẹn yàtọ̀ sí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì sọ ọ́ nù. Bí wọn kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ má fọwọ́ sí i. Ní tèmi, bí mo bá gba ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa fọwọ́ sí i, nítorí ọmọbìnrin mi.

Mo ti ka èyí fún un lórí fóònù lálẹ́ àná kí n tó fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, bí wọ́n bá fi tòun sínú ìgò, kí ni wọ́n máa kọ sára rẹ̀? Mo ní nọ́ńbà ni. Ó ní nọ́ńbà kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ Yorùbá mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Ẹni tó bá lè bá wa jókòó ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó pè mí.